Ohun Tí Sùpámákẹ́ẹ̀tì Ń Rà Nígbà Tó Bá Ra Ọ́gáníìkì

Ẹ to iṣu méjì sórí tábìlì kan. Ọ̀kan ti inú oko tí wọ́n ń fín oògùn koríko sí lọ́dọọdún jáde, èkejì ti oko tí ẹnikẹ́ni kò fín nǹkan kan sí láti ọdún mẹ́rin wá. Kò sí ojú tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Imú kò lè gbóòórùn rẹ̀, ẹni tó bá sì gún un níyán kò ní fi ọ̀kẹ̀lẹ̀ mọ èwo ni èwo. Ẹni tó ń pàtẹ ní Kàbà mọ èyí, ẹni tó ń ra ọjà fún sùpámákẹ́ẹ̀tì ní Àbùjá náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí ilé ìtajà ńlá bá ní òun ń wá oúnjẹ ọ́gáníìkì, ẹ̀rí ló ń wá, iṣu kàn tẹ̀lé ẹ̀rí náà wá ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Okun ní ìwọ̀ oòrùn Kogí, láti Ìyàrà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ti ń ṣì í nìyẹn. Wọ́n á ní, "Àwa kì í lo fatiláísà," wọ́n á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ohun tí òfin pè ní ọ́gáníìkì

Ní ilẹ̀ àwọn tí òwò yìí ti gbilẹ̀, òfin ló ni orúkọ náà. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà láìní ìwé ẹ̀rí lè fojú ba ilé ẹjọ́. Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 1990, ìlànà tí wọ́n fi ń mú un ṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2002. Èyí tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń lò lónìí ni Ìlànà 2018/848, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Wọ́n yàtọ̀ síra níbi kéékèèké, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kan náà ni: kò sí fatiláísà oníkẹ́míkà, kò sí oògùn koríko oníkẹ́míkà, kò sí irúgbìn tí wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà nínú lábù, kò sì sí ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára oúnjẹ. Oògùn kòkòrò, àfi èyí tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú àkọsílẹ̀ ohun tí òfin fàyè gbà.

Ilẹ̀ náà ní iye àkókò tó gbọ́dọ̀ fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, oṣù 36 gbọ́dọ̀ wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n lo ohun tí òfin kà sí èèwọ̀ kẹ́yìn àti ọjọ́ tí wọ́n kó irè tí wọ́n fẹ́ pè ní ọ́gáníìkì. Ní Yúróòpù, ọdún méjì ṣáájú gbígbìn ni fún ohun ọ̀gbìn ọlọ́dún kan bí àgbàdo àti ẹ̀wà, ọdún mẹ́ta ṣáájú ìkórè àkọ́kọ́ sì ni fún igi bíi kaṣú, kòkó àti kọfí. Ilẹ̀ kò ní wà lásán ní gbogbo àkókò yìí o. Àgbẹ̀ ń gbìn, ó ń kórè, ó ń tẹ̀lé òfin pátá, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi ń ra ọjà ẹni tó ń lo oògùn ni wọ́n á fi ra tirẹ̀ títí àkókò náà á fi pé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà. Yúróòpù ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀: bí ẹ̀rí bá dájú pé ilẹ̀ kan, irú bí igbó tàbí oko àpatì, kò fojú kan èèwọ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, wọ́n lè ka ọdún wọ̀nyẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó dájú ni wọ́n sọ. "Gbogbo abúlé ló mọ̀" kò tó fún wọn.

Ohun mìíràn tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé ọ́gáníìkì kò túmọ̀ sí pé wọn kò fín ohunkóhun sára ewé. Dógóyárò wà lára ohun tí wọ́n fàyè gbà, súfúrù wà níbẹ̀, bàbà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Ti dógóyárò kò le: ẹ gún kóró inú èso rẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ wọn gíráàmù 50 sínú omi lítà kan, kó sùn mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì po ọṣẹ dúdú díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, nítorí oòrùn máa ń pa agbára rẹ̀, bí òjò bá sì fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ ó tún un fín. Kí àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ ìwé ẹ̀rí tó lò ó, kí ó kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ tó fún un níwèé, kí ó sì kọ ọjọ́ tó lò ó sílẹ̀.

"Àdáyébá", "tààrà láti oko", "kò ní kẹ́míkà": kò sí ẹni tó ń yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, ẹnikẹ́ni ló lè kọ wọ́n sára ọ̀rá. Nọ́ńbà NAFDAC wúlò, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ àti pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kò sọ ohun kan nípa bí wọ́n ṣe tọ́jú oko. Gàrí lè ní nọ́ńbà NAFDAC kí pákí rẹ̀ sì ti inú oko tí wọ́n fín oògùn sí lẹ́ẹ̀mẹta jáde. Fún oúnjẹ alápòpọ̀ bíi bísíkíìtì, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n fi ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ́gáníìkì kó tó lè jẹ́ orúkọ náà, ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù.

Bí àwọn ilé ìtajà ńlá ṣe dáhùn

Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí àwọn tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ ń lọ ni òwò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Denmark gbé àmì ìjọba jáde lọ́dún 1989, lẹ́tà Ø aláwọ̀ pupa. Lọ́dún 1993, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńlá kan níbẹ̀ já owó ọjà ọ́gáníìkì rẹ̀ wálẹ̀, títà sì búrẹ́kẹ́. Ọdún yẹn kan náà ni Coop ní Switzerland dá Naturaplan sílẹ̀, orúkọ tó fi ń ta ọjà ọ́gáníìkì tirẹ̀. Safeway ní Amẹ́ríkà gbé O Organics jáde lọ́dún 2005, Kroger gbé Simple Truth jáde lọ́dún 2012, Lidl sì bá Bioland, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ọ́gáníìkì Jámánì, tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún 2018.

Ẹ ó rí i pé ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ṣe: wọ́n fi orúkọ tiwọn sára ọjà. Bí orúkọ ilé ìtajà bá wà lára páálí, oníbàárà á mọ ilé ìtajà, kò ní mọ àgbẹ̀. Ilé ìtajà lè yí àgbẹ̀ padà lọ́dún tó ń bọ̀, kí páálí má sì yí padà. Èyí dẹ owó ọjà sílẹ̀ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́, ó sì sọ ẹni tó ń gbìn ín di ẹni tí wọ́n lè fi ẹlòmíì rọ́pò. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n bá fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ̀ kó má kàn wo iye owó, kó bèèrè iye ọdún tí àdéhùn náà máa gbà. Ọdún kan kò tó ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta fọ ilẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó ń béèrè bá pọ̀ ju ọjà lọ, ilé ìtajà á kọ́kọ́ gba òkè òkun lọ. Bí ìyẹn kò bá tó, á bá àgbẹ̀ ṣe àdéhùn ṣáájú kí irè tó jáde. Àwọn kan tiẹ̀ ń yá àgbẹ̀ lówó: lọ́dún 2016, Costco yá iléeṣẹ́ oko kan lówó láti ra ilẹ̀ àti ohun èlò ní Mexico, kí irè ibẹ̀ lè kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tí gbogbo èèyàn ń bèèrè. Kí ló dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Irè sábà máa ń dín, iṣẹ́ ọwọ́ ń pọ̀ sí i, owó ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀, ọkọ̀ àti sítọ́ọ̀ ọ̀tọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú ilé ìtajà fúnra rẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Àkọ́kọ́ ni pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń ṣírò èrè. Ká ní èrè ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù kan ń fi lé ọjà. Èyí tó rà ní ₦1,000, á tà á ní ₦1,400. Èyí tó rà ní ₦1,500, á tà á ní ₦2,100. ₦500 ni ìyàtọ̀ ní oko, ó ti di ₦700 lórí pẹpẹ, àgbẹ̀ kò sì rí kọ́bọ̀ nínú ₦200 tó gorí rẹ̀.

Èkejì ni jíjẹrà. Ká ní ó ra tòmátì apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ní ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta sì jẹrà kí ẹni tó lè ra ọ́gáníìkì tó kọjá. Méje tó kù ló máa ru ₦200,000 náà, apẹ̀rẹ̀ kan á sì di nǹkan bíi ₦28,600 kí èrè tó gorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù fi ń ra ọ́gáníìkì tútù ní díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́ yìí ni yóò pa ẹni tó ń gbé ọjà láti Ìsánlú tàbí Mọ̀pà lọ sí Àbùjá: owó ọkọ̀ apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọgbọ̀n. Lójú tiwa, kí ìwọ̀ oòrùn Kogí fi ewébẹ̀ tútù sílẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ńlá, kó sì gbájú mọ́ ohun tó lè dúró: èlùbọ́, ẹ̀gúsí, oyin, kaṣú yíyan, kọfí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an

Ọjà ọ́gáníìkì lè pàdánù orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti délé ìtajà. Bí òṣìṣẹ́ bá da ẹ̀wà ọ́gáníìkì sínú igbá tí ẹ̀wà lásán wà tẹ́lẹ̀, ó ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá ń wọ́n omi sórí ewébẹ̀ kí ó má baà rọ, òkè ni ọ́gáníìkì gbọ́dọ̀ wà, ti lásán nísàlẹ̀, kí omi tó ń kán má baà gbé àṣẹ́kù oògùn bọ́ sórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fín oògùn aáyán sí sítọ́ọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó o jáde.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bínú pé ọ̀rá ni wọ́n fi di èso ọ́gáníìkì nígbà tí ti lásán wà ní ìhòòhò. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ owó ló fà á. Kò lè dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjèèjì mọ̀, bó bá sì ta ọ́gáníìkì ní owó ti lásán, ṣọ́ọ̀bù pàdánù. Ọ́gáníìkì tí kì í pọ̀ ni wọ́n ń dì, nítorí ọ̀rá á dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí wọn kò bá ti dì í, sítíkà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lásán ń jẹ́ 4011, ti ọ́gáníìkì ń jẹ́ 94011. Nọ́ńbà márùn-ún tó fi 9 bẹ̀rẹ̀ ni ẹ máa wá lára èso tó ti òkè òkun wá. Báákóòdù kò ràn yín lọ́wọ́ níbí. 615 tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń sọ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti fún iléeṣẹ́ náà ní nọ́ńbà, kò sọ irú oko tí ọjà ti wá.

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù nílẹ̀ wa, ẹni tó kó ọjà wá ló fúnra rẹ̀ kọ "organic" sára ọ̀rá. Ohun tí ẹ ó wá ni orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣàyẹ̀wò. Lára ọjà tó wọ Yúróòpù, àmì ewé tí wọ́n fi ìràwọ̀ funfun yà sórí àwọ̀ ewéko lè wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà orílẹ̀-èdè, BIO àti nọ́ńbà aṣàyẹ̀wò. Bí ẹ kò bá rí orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ra ọjà náà bó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Kí ẹ sì fọ̀ ọ́. Ajílẹ̀ ẹran lè gbé kòkòrò àìfojúrí wá sára ewé, ọ́gáníìkì tàbí lásán.

Bí wọ́n ṣe ń mú irọ́

Níbi tí owó bá ti ń gorí orúkọ, ojúlówó kò ní dá nìkan wà. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà rán àgbẹ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n ju ọdún mẹ́wàá lọ nítorí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta àgbàdo àti sóyà lásán ní orúkọ ọ́gáníìkì. Nǹkan bí irú èyí ló jẹ́ kí wọ́n mú òfin le sí i: láti oṣù kẹta ọdún 2024, ọjà ọ́gáníìkì tó bá fẹ́ wọ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ìwé orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn alágbàtà tí kì í gba ìwé ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà á báyìí.

Wọ́n tún ń gbé ọjà lọ sí lábù. Òṣùwọ̀n tí Yúróòpù ń lò fún oògùn tí wọn kò yan iye fún ni mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Gíráàmù kan ṣoṣo nìyẹn nínú tọ́ọ̀nù ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ẹgbẹ̀rún kan àpò ẹ̀wà tó wọn kílò ọgọ́rùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ọ́gáníìkì ń lo òṣùwọ̀n yìí: bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ọjà á sì dúró sí ibi tó wà. Kì í ṣe ọ́gáníìkì nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Lọ́dún 2015, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí àṣẹ́kù dichlorvos, wọ́n sì sún ìfòfindè náà síwájú lẹ́yìn ìgbà yẹn. Dichlorvos yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀tápíápíá.

Ibi tí oko ilẹ̀ Okun ti ń kùnà

Fatiláísà kọ́ ni wàhálà àkọ́kọ́ ní Yàgbà, Ìjùmú, Owé àti Bùnú. Oògùn koríko ni. Àwọn ọ̀dọ́ ti bọ́ sí ìlú ńlá, lébìrà ti wọ́n, àgbà tó kù lóko sì rí i pé gálọ́ọ̀nù kan á ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun kò lo kẹ́míkà, ẹ bi í pé kí ló fi ṣán oko. Bó bá ti dárúkọ oògùn apakoríko, oṣù 36 bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, atrazine tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Àwọn kan rò pé oògùn tí ìjọba kò fòfin dè, bíi glyphosate, kò lè ba ọ́gáníìkì jẹ́. Ó ń bà á jẹ́ dáadáa. Òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kí wá ni ká fi rọ́pò rẹ̀? Ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe láàárín ebè ṣì ń ṣiṣẹ́: ẹ̀gúsí. Ẹ gbìn ín sáàárín ebè nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, ẹ roko kan dáadáa kó tó tàn, ewé rẹ̀ á bo ilẹ̀, koríko kò ní rí oòrùn. Ẹ tún roko lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹ̀gúsí. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó gbìn ín, tàbí tí ẹ gbìn ín jìnnà síra jù, koríko á yọ láàárín rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ á sì di ìlọ́po. Ilẹ̀ tí ẹ̀kan ti jọba lé lórí kò ní gbọ́ ti ẹ̀gúsí, gbòǹgbò ẹ̀kan ti jìn jù. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ mucuna, ẹ̀wà tó ń fà bo ilẹ̀, fún odidi àkókò òjò kan láìgbin ohun mìíràn sí i. Ẹ ra èyí tí kì í yúnni lára o, nítorí wèrèpè inú igbó jẹ́ ìbátan rẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké ló tún ń ba ẹ̀rí jẹ́, àwọn ni ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Irúgbìn àgbàdo tí wọ́n fi oògùn pupa tàbí aró kùn: èèwọ̀ ni. Ẹ̀rọ ìfínko tí ẹ yá lọ́wọ́ aládùúgbò: oògùn koríko rẹ̀ ṣì wà nínú rọ́bà rẹ̀, dógóyárò tí ẹ dà sí i á kàn gbé e lọ sára ewé ni. Oko ẹni kejì tó ń fín nǹkan nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sọ́dọ̀ yín: ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ láàárín, kí ẹ sì ya àwòrán ààlà náà. Bí ẹ bá gbin nǹkan sí etí ààlà yẹn, ọjà lásán ni. Ajílẹ̀ adìyẹ tútù, òfin Amẹ́ríkà ní kí ọjọ́ 120 wà láàárín ìgbà tí ẹ lò ó àti ìkórè ohun tó ń fara kan ilẹ̀, ọjọ́ 90 fún èyí tí kò fara kan án. Bí ẹ bá fẹ́ kó yá, ẹ sọ ọ́ di ajílẹ̀ jíjẹrà: kí òkìtì náà gbóná láti 55°C dé 77°C fún ọjọ́ 15 ó kéré tán, kí ẹ sì yí i nígbà márùn-ún láàárín àkókò náà. Òkìtì tí kò gbóná, omi tàbí ewé gbígbẹ ló sábà máa ń dín tàbí pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kaṣú ló sún mọ́ ọ́gáníìkì jù nínú gbogbo ohun tí a ń gbìn, nítorí ọ̀pọ̀ igi kaṣú kò tíì rí fatiláísà rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí èso bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, tí wọ́n fẹ́ kí abẹ́ igi mọ́ kí wọ́n lè ṣà á, oògùn koríko ni ọ̀pọ̀ ń fín. Àdá àti ọkọ́ ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn náà ni àpò: àpò fatiláísà tí wọ́n fọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń da kaṣú sí, aṣàyẹ̀wò á sì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a títí omi inú rẹ̀ á fi wà láàárín ìdá 8 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ dà á sínú àpò jútù, kí ẹ sì kọ orúkọ oko sí i. Bí alágbàtà bá da ti èèyàn mẹ́wàá pọ̀, tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kò ní ìwé, gbogbo rẹ̀ ti di kaṣú lásán.

Ti èlùbọ́, kòkòrò ló ń fa wàhálà. Gbodo tó bá ṣì ní omi nínú á bu, kòkòrò á wọ̀ ọ́, ẹni tó ni í á sì nawọ́ sí ọ̀tápíápíá. Ẹ sá a sórí pẹpẹ gíga, kó jìnnà sí títì àti ewúrẹ́, títí tí yóò fi ṣẹ́ gbàyàù lọ́wọ́. Kí ooru oòrùn kúrò lára rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó dì í. Ìdì tí atẹ́gùn kò lè wọ̀ ni àbò rẹ̀: àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀wà dára fún un, nítorí kòkòrò inú rẹ̀ á lo atẹ́gùn tó wà níbẹ̀ tán, á sì kú. Ihò kékeré kan lára rọ́bà inú ti tó láti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Gàrí náà, omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Oyin, ìdá 20.

Ẹgbẹ́ ló lè ru ú

Owó aṣàyẹ̀wò ju agbára ẹni tó ní hẹ́kítà méjì lọ. Ìlànà Yúróòpù gbà kí àgbẹ̀ kéékèèké para pọ̀ gba ìwé ẹ̀rí kan, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òfin, kò gbọ́dọ̀ ju ẹgbẹ̀rún méjì ọmọ ẹgbẹ́ lọ, oko wọn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ máa ta ọjà wọn. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa yẹ oko gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún, tí wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣàyẹ̀wò láti ìta á tún ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wò, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí oko mẹ́wàá, á sì mú díẹ̀ lára irè ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí lábù. Ohun tó ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká ni ojúsàájú: olùbẹ̀wò inú ẹgbẹ́ rí gálọ́ọ̀nù oògùn nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fojú fò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wá láti Ìyámoyè máa yẹ oko Ẹ̀kìnrìn-Àdé wò, kí ti Ẹ̀kìnrìn-Àdé máa yẹ ti Ìyámoyè.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù Lọ́kọ́ja, Ìlọrin tàbí Àbùjá lẹ fẹ́ tà fún, ọ̀nà tó rọ̀ jù wà, níbi tí àgbẹ̀, oníbàárà àti ẹni tó ń ta á ti jọ ń yẹ oko ara wọn wò. NOAN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọ́gáníìkì ní Nàìjíríà, mọ̀ nípa rẹ̀. Kò ní wọ Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó tó láti fi dá ẹni tó ń ra ọjà fún ṣọ́ọ̀bù lóhùn.

Ohun tí ẹni yẹn máa bèèrè kò pọ̀: àwòrán oko, ìwé àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ lò ó, rìsíìtì, nọ́ńbà NAFDAC fún ohun tí ẹ ti ṣe tí ẹ dì, ìwọ̀n, ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́, àdírẹ́sì, àti nọ́ńbà ìpín ọjà kọ̀ọ̀kan kí ó lè tọ ọ̀rá kan padà sí oko kan. Á tún bèèrè iye tí ẹ lè kó wá lóṣooṣù. Ẹ sọ iye tó kéré, kí ẹ sì kó o pé, nítorí pẹpẹ tó ṣófo ni wọ́n á fún ẹlòmíì.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í sanwó títí ọjà á fi tà, èyí tí kò tà ni wọ́n á kó padà fún yín. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn: ọjọ́ mélòó kí owó tó jáde, ta ló máa ru àdánù ohun tó bàjẹ́ lórí pẹpẹ, ta ló máa san owó ọkọ̀ tí ọjà máa fi padà. Ọjà tí wọ́n bá dá padà, kí ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọ́gáníìkì tuntun, nítorí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fín sí sítọ́ọ̀ tó ti sùn. Ọjà lásán ni kí ẹ tà á.